Ẹni Tó Bá Rí Oore, Kó Pe Ẹnìkejì Rẹ̀ Sí I

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó dá wa, tó sì ń pèsè fún wa. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tó bá ń tọ ipasẹ̀ wọn títí di Ọjọ́ Àlùkìyámọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lóṣù yìí lè kéré lójú àwọn kan. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrun tàbí ọ̀rọ̀ ààwẹ̀. Ọ̀rọ̀ ohun tí a bá rí lójú ọjà àti lójú pópó ni: ibi tí gàrí ti pọ̀ ju ibòmíràn lọ, ẹni tó ń ta aṣọ gidi ní owó pọ́ọ́kú, télọ̀ tí kì í yẹ àdéhùn, fọ́ọ̀mù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ìwé tó tú ẹ̀kọ́ líle palẹ̀, ohun èlò kékeré tó sọ iṣẹ́ wákàtí kan di ti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí Ọlọ́hun bá fi irú nǹkan báyìí hàn wá, ṣé a máa ń pe ẹnìkejì wa sí i, àbí ńṣe la máa ń pa ẹnu mọ́?

À ń béèrè nítorí ohun tí ojú wa ń rí. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò, kò sí ẹni tí kò mọ bí owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ ṣe fò sókè. Síbẹ̀, ẹ ó rí ọmọ ilé-ìwé méjì tó ń gbé yàrá kan náà. Ọ̀kan mọ ibi tí kóńgò ẹ̀wà ti pọ̀, ó ń lọ rà á ní ìdákọ́ńkọ́, èkejì sì ń ra ọ̀wọ́n lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ó rí arábìnrin tó wọ híjáàbù tó wu gbogbo ẹgbẹ́, bí wọ́n bá bi í pé níbo ló ti rà á, á ní, "Wọ́n bá mi rà á ni." Ẹ ó rí arákùnrin tó rí ìkéde iṣẹ́, tó kọ ìwé tirẹ̀, tó wá dúró di ọjọ́ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn kó tó sọ fún àwọn tí wọ́n jọ ń tò ní sáfù kan náà ní mọ́sálásí. Wọ́n fi èjìká kan èjìká, ṣùgbọ́n ọkàn ò kan ọkàn. Ọ̀rọ̀ ìrun tí a ní kì í ṣe òun la fẹ́ sọ, ó ti wọ̀ ọ́ náà nìyẹn.

Ohun tí Súratul-Maa'uun kọ́ wa

Súratul-Maa'uun ni súrà 107 nínú Al-Kùránì alápọ̀n-ọ́nlé. Áyà méje péré ni, kò sì sí ọmọ ilé-kéwú kan láàrin wa tí kò há a sórí. Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń fi í kírun nítorí pé ó kúrú. Ẹ jẹ́ ká wo bí ó ṣe tò. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tó ń pe ọjọ́ ẹ̀san nírọ́: òun náà ló ń lé ọmọ òrukàn dànù, òun náà ni kì í gba ẹlòmíràn níyànjú láti bọ́ tálákà. Lẹ́yìn náà ni súrà yìí kọjú sí àwọn akírun, ó sì fi ìparun kìlọ̀ fún àwọn tó gbàgbé ìrun wọn, tí wọ́n ń ṣe é kí aráyé lè rí wọn. Kí ló wá fi parí? Ó fi parí pẹ̀lú àwọn tó ń dù èèyàn ní maa'uun.

Kí ni maa'uun? Abdullaah ọmọ Mas'uud, ọ̀kan nínú àwọn àgbà sàábé, ṣàlàyé rẹ̀. Abuu Daawuud gbà á wá nínú tírà rẹ̀ pé, láyé Ànábì, ohun tí àwọn sàábé kà sí maa'uun ni kí èèyàn yá ẹnìkejì rẹ̀ ní korobá ìfami àti ìkòkò ìdáná. Àwọn onímọ̀ mìíràn sọ pé sàká ni. Ikrimah tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ibn Abbaas so ọ̀nà méjèèjì pọ̀: sàká ló wà lókè pátápátá, asẹ́, korobá àti abẹ́rẹ́ ló wà nísàlẹ̀ pátápátá.

Abẹ́rẹ́! Ẹ rò ó wò. Ẹ̀sìn tó kọ́ wa bí a ṣe ń yọ sàká lórí wúrà àti màlúù náà ló ń bi wá léèrè nípa abẹ́rẹ́ tí aládùúgbò wá yá láti fi rán bọ́tìnnì tó já. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ohun ńlá kì í bá wa pàdé lójoojúmọ́. Ẹni tí kò ní owó tó pé sàká lè lo ayé rẹ̀ láì yọ sàká rí. Ṣùgbọ́n kò sí òwúrọ̀ tí ohun kékeré kì í kan ilẹ̀kùn wa. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ẹni tó ń kírun fún Ọlọ́hun yàtọ̀ sí ẹni tó ń kírun fún ojú ayé.

Ẹ wá jẹ́ ká fi ọgbọ́n gbé e síwájú díẹ̀. Ẹni tó yá ni ní korobá, ó kéré tán, ó ní láti dúró kí wọ́n dá a padà, korobá náà sì lè fọ́. Ẹni tó júwe ibi tí wọ́n ti ń ta korobá ńkọ́? Kí ló pàdánù? Korobá rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìmọ̀ rẹ̀ ò dín. Bí ó bá burú kí a fi ohun èlò dù ọmọnìkejì, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán tí a fi dù ú tún nira láti wí àwíjàre fún.

Ìjúwe ọjà tó sọ ẹni tí kò ní nǹkan di ọlọ́rọ̀

Nígbà tí Abdur-Rahmaan ọmọ Awf ṣe hijira dé Màdínà, kò ní ilé, kò ní ọjà. Ànábì so òun àti Sa'd ọmọ Rabii' pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìyá nínú ẹ̀sìn. Sa'd lówó púpọ̀, ó sì ní òun yóò pín dúkìá òun sí méjì, kí Abdur-Rahmaan mú ìdajì. Abdur-Rahmaan ṣe àdúà àlùbáríkà fún un, kò gba owó náà, ó ní kí wọ́n sáà fi ọ̀nà ọjà han òun. Wọ́n sì júwe ọjà Banuu Qaynuqaa' fún un. Ó lọ, ó ṣòwò, ó sì mú wàrà gbígbẹ àti bọ́tà bọ̀ wálé. Kò pẹ́ kò jìnnà, ó fi wúrà tó wọn kóró dàbínù kan gbé ìyàwó, Ànábì sì ní kó ṣe wálíímọ̀, ìbáà ṣe àgùntàn kan. Bukhaari gba ìtàn yìí wá nínú tírà rẹ̀, a sì mọ̀ pé Abdur-Rahmaan di ọ̀kan nínú àwọn tó lówó jù láàrin àwọn sàábé, owó rẹ̀ sì wúlò fún ẹ̀sìn.

Ẹ̀bùn méjì ni wọ́n gbé síwájú ọkùnrin yìí. Ìdajì dúkìá ni àkọ́kọ́, ìjúwe ọ̀nà ọjà ni èkejì. Èyí tó kéré lójú ni ó mú, òun náà ló sì gbé e dìde. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò ní ìdajì dúkìá tí a lè fún ẹnikẹ́ni. Kí la tilẹ̀ fẹ́ pín? Bàtà méjì àti fóònù tí gíláàsì rẹ̀ ti là! Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ ọ̀nà ọjà kan tí ẹlòmíràn kò mọ̀. Ẹni tó bá ń gbé Ìbàdàn mọ ohun tó wà ní Gbági àti ní Bódìjà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti lo ọdún mẹ́ta ní fásitì mọ ohun tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé kò lè mọ̀ láéláé bí kò bá sọ fún un.

Láádá rẹ̀ ńkọ́? Muslim gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Abuu Mas'uud al-Ansaarii pé ọkùnrin kan wá bá Ànábì pé ẹran tí òun ń gùn ti kú, kó fún òun ní òmíràn. Kò sí lọ́wọ́ Ànábì lọ́jọ́ náà. Ẹnìkan tó jókòó síbẹ̀ ní òun mọ ẹni tó lè fún un, òun yóò júwe rẹ̀. Ànábì wá fi yé wọn pé ẹni tó bá tọ́ èèyàn sí oore yóò ní irú láádá ẹni tó ṣe oore náà. Ẹ ò rí i pé ẹni tó júwe kò fi ràkúnmí sílẹ̀, kò yọ owó lápò. Ó kàn mọ̀, ó sì sọ.

Àwáwí mẹ́ta tí a máa ń gbọ́

Àwáwí kìíní ni pé, "Bí mo bá sọ fún gbogbo ayé, ọjà náà á wọ́n, tàbí kó tán." Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí tó gbà pé Ọlọ́hun ni Ar-Razzaaq mọ̀ pé kò sí ẹni tí yóò kú láì jẹ arísìkí rẹ̀ tán. Àwọn àgbà wa sì ti wí pé ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láì fara kan ra. Ìṣòro wa kì í ṣe pé ọjà ò tó. Ohun tó ń dà wá láàmú ni pé a fẹ́ kí ó jẹ́ àwa nìkan la rí i rà. Anas gba hadiisi wá, Bukhaari àti Muslim sì kọ ọ́, tó so pípé ìgbàgbọ́ mọ́ kí á máa fẹ́ fún ọmọ ìyá wa ohun tí à ń fẹ́ fún ara wa. Hadiisi yìí kò yọ ọjà sílẹ̀.

Àwáwí kejì ni pé, "Àyè kan ṣoṣo ló wà. Ṣé kí n pe ẹni tí yóò gbà á mọ́ mi lọ́wọ́ ni?" Ìbéèrè tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni, ẹ má sì jẹ́ ká fi ẹ̀sìn ni ara wa lára ju bí Ọlọ́hun ṣe sọ lọ. Nínú Súratul-Hashr, Ọlọ́hun yin àwọn ará Màdínà nítorí pé wọ́n ń fi ẹlòmíràn ṣáájú ara wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn náà wà nínú àìní. Ipò gíga nìyẹn. Ẹni tó bá lè gùn ún dé ibẹ̀, kó gùn ún. Ẹni tí kò bá lè dé ibẹ̀, kó kọ ìwé tirẹ̀ sílẹ̀ ná, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó bá ti kọ ọ́, kó sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ nígbà tí ọ̀nà ṣì ṣí. Bí wọ́n bá sì bi í, kó má parọ́. Ìdákẹ́ lè ní àwíjàre nígbà mìíràn. Irọ́ kò ní.

Àwáwí kẹta ni ti àwọn tó mọ tírà díẹ̀. Wọ́n á ní ẹ̀sìn kọ́ wa pé kí a máa fi bùkátà wa pamọ́ kó tó yọrí, nítorí àwọn onílara. Àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lórí bí àwọn tó gba hadiisi náà wá ṣe lágbára sí, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé Ànábì Ya'quub kọ̀ fún ọmọ rẹ̀ Yuusuf láti rọ́ àlá rẹ̀ fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òótọ́ ni, àṣírí wà láyé. Ètò ìgbéyàwó rẹ, owó tí o fi pamọ́, iṣẹ́ tí o fẹ́ dá sílẹ̀ tí kò tíì dúró: o lè pa á mọ́ra. Ṣùgbọ́n àlá Yuusuf jẹ́ ti Yuusuf nìkan. Ẹ̀dínwó tí ọlọ́jà ń kéde rẹ̀ fún tẹrútọmọ, ìyẹn kì í ṣe àlá rẹ.

Òfin márùn-ún fún ẹni tó fẹ́ pín oore

Kì í ṣe gbogbo pípín náà ló jẹ́ oore. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká mú òfin márùn-ún yìí dání.

1. Sọ dáadáa rẹ̀, sì sọ àbùkù rẹ̀. Bí aṣọ òkìríkà náà bá dára ṣùgbọ́n tí àwọ̀ rẹ̀ ń ṣí, sọ méjèèjì. Ànábì kọ najsh, èyíinì ni kí èèyàn máa gbé ọjà gẹ̀gẹ̀ tàbí kó máa fi owó lé e láì fẹ́ rà á, kí ẹlòmíràn lè kó sí i.

2. Bí o bá ń gba nǹkan níbẹ̀, jẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ mọ̀. Kò sí èèwọ̀ nínú pé kí ọlọ́jà fún ọ ní owó lábẹ́ nítorí pé o mú oníbàárà wá, bí ọ̀nà rẹ̀ bá mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí o mú lọ rò pé ìfẹ́ ló mú ọ sọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé owó wà nínú ìfẹ́ náà, ó ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀.

3. Wádìí kí o tó pe èèyàn. Súratul-Hujuraat pa á láṣẹ pé bí aláìṣòótọ́ bá mú ìròyìn wá, kí a ṣe ìwádìí, kí a má baà ṣe àwọn kan níjàǹbá láìmọ̀, kí a wá máa kábàámọ̀. Ní ọdún 2016, ètò MMM gba Nàìjíríà kan. Wọ́n ń ṣèlérí ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n ti owó àwọn èèyàn pa. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, CBEX tún ṣe bẹ́ẹ̀: àwọn tí wọ́n ṣèlérí fún pé owó wọn yóò di ìlọ́po méjì láàrin nǹkan bí oṣù kan kò rí owó wọn gbà mọ́. Ta ló mú èèyàn wọ inú wọn? Ọ̀rẹ́ ló mú ọ̀rẹ́ wọ̀ ọ́, ẹ̀gbọ́n mú àbúrò, ará mọ́sálásí mú ará mọ́sálásí. Ẹni tó bá gbọ́ pé owó ń bímọ láìsí ọjà, láìsí iṣẹ́, kó kọ́kọ́ rántí ọ̀rọ̀ èlé nínú ẹ̀sìn rẹ̀ ná. Bí ẹni tó tọ́ni sí oore bá ń gba láádá, ẹni tó tọ́ni sí òfò pẹ̀lú àìbìkítà kò lè ní òun kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

4. Má ṣe jẹ́ kí ọ̀pọ̀ tìrẹ jẹ́ ẹkún ẹlòmíràn. Ànábì kọ̀ fún wa láti lọ pàdé àwọn oníṣòwò lójú ọ̀nà kí wọ́n tó wọ ìlú, kí wọ́n tó mọ iye tí ọjà wọn ń lọ. Jariir ọmọ Abdullaah tó ṣe àdéhùn fún Ànábì pé òun yóò máa ṣe òótọ́ inú sí gbogbo Mùsùlùmí, fi hàn wá bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Tabaraanii gbà á wá pé ìránṣẹ́ rẹ̀ bá a ra ẹṣin kan ní ọ̀ọ́dúnrún. Jariir wo ẹṣin náà, ó sọ fún ẹni tó ni ín pé ó ju ọ̀ọ́dúnrún lọ, ó sì ń fi owó kún un títí tó fi san ẹgbẹ̀rin. Ọ̀pọ̀ tí ìwọ yóò fi yangàn fún ọ̀rẹ́ rẹ, tó sì jẹ́ pé ìyá arúgbó tó ti oko dé tí kò mọ iye ọjà ni o rẹ́ jẹ, kí ni o fẹ́ fi pe ẹnìkejì rẹ sí?

5. Má ṣe sọ oore di fáàrí. Nínú Súratud-Duhaa, Ọlọ́hun pàṣẹ pé kí a máa sọ̀rọ̀ ìdẹ̀ra Rẹ̀. Sísọ ìdẹ̀ra yàtọ̀ sí fífi ohun ìní gún ẹni tí kò ní lójú. Bí o bá ya àwòrán ohun tí o rà ránṣẹ́ láì sọ ibi tí o ti rà á àti iye tí o rà á, o fẹ́ kí wọ́n rí ọ ni, o ò fẹ́ kí wọ́n rí i rà.

Ohun tí ẹgbẹ́ wa lè ṣe

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí kọjá wàásù. Èkíní, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní ojú pátákó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn mọ́sálásí, tàbí ojú kan lórí WhatsApp, tó jẹ́ ti ìjúwe nìkan: ibi tí ọjà ti pọ̀, fọ́ọ̀mù tó jáde, ọjọ́ tí yóò parí. Kí ẹni méjì tó ṣeé gbọ́kàn lé máa wádìí ohun tí wọ́n bá fẹ́ gbé síbẹ̀. Ètò ẹ̀yáwó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2024, tí wọ́n ń pè ní NELFUND, kò ní èlé nínú. Ọmọ Mùsùlùmí tó ń sá fún ẹ̀yáwó nítorí èlé lè fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nítorí owó, kó má sì mọ̀ pé ọ̀nà yìí wà, bí àwọn tó mọ̀ ọ́n bá dákẹ́.

Èkejì, kí a máa ra ọjà pọ̀. Ẹni márùn-ún lè dá owó jọ ra àpò ìrẹsì kan, kí wọ́n fi kóńgò pín in. Àṣà yìí kò ṣàjèjì sí ẹ̀sìn wa. Jaabir ọmọ Abdullaah sọ pé ní Hudaybiyyah, àwọn àti Ànábì pa ràkúnmí kan fún ẹni méje, màlúù kan fún ẹni méje. Ẹni tí kò lè dá màlúù Iléyá rà lè bá mẹ́fà ṣe é.

Ẹ̀kẹta, kí a ní àpótí maa'uun. Àkàbà, òòlù, àáké, ìkòkò ńlá fún àsèjẹ, ìwé ìbéèrè ìdánwò ọdún tó kọjá: kí á kọ orúkọ ẹni tó yá a àti ọjọ́ tí yóò dá a padà sílẹ̀. Ẹ̀yin arábìnrin wa, ẹ̀yin gan-an ni Ànábì bá wí nígbà tó ní kí aládùúgbò má ṣe fojú kéré ẹ̀bùn sí aládùúgbò rẹ̀, ìbáà ṣe pátákò àgùntàn. Nítorí náà, ẹ má ṣe rò pé ohun tí ẹ ní kéré jù.

Lákòótán, kí olúkúlùkù wa wá ohun kan tó ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ tí kò tíì sọ fún ẹni tó bùkátà sí i. Kó tó di Jímọ̀ tó ń bọ̀, kó lọ sọ ọ́. Àjọjẹ ò dùn bí ẹnìkan ò bá ní. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkejì wa náà ní, kí jíjẹ wa lè dùn.

A bẹ Ọlọ́hun kó yọ ahun kúrò nínú ọwọ́ wa àti kúrò lẹ́nu wa. Kó jẹ́ kí ìrun wa tẹ̀ lé wa kúrò ní mọ́sálásí dé ọjà. Kó fi àlùbáríkà sí ohun tí a ní, kó sì jẹ́ ká jẹ́ kọ́kọ́rọ́ oore fún àwọn ọmọ ìyá wa. Àmín.